Ta Ló Ni Ìgò Òfìfo?

Wọ́n ti mú iná lọ láti òru Jímọ̀. Àárọ̀ Sátidé, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Kubwa, ní Abuja, mo ń fi ìwọ̀nba bátìrì tó ṣẹ́kù nínú fóònù mi dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní bí mo bá dáhùn tán, àwọn á sọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe wúwo tó lórí ilẹ̀ ayé. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Kánádà ló fi ránṣẹ́. Ó ti ṣe tirẹ̀, ojú sì ti tì í, ó wá ń wá ẹni tí wọ́n á jọ pín ìtìjú náà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ dá lórí ẹran: báwo ni mo ṣe ń jẹ ẹ́ sí? Mo ronú lọ, mo ronú bọ̀. Ṣé pọ̀nmọ́ wà nínú ẹran tí wọ́n ń wí ni? Mo fi í sí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí ọjà ṣe gbóná tó lásìkò yìí, ẹran ti di àlejò nínú ọbẹ̀ wa. Wọ́n béèrè bí ilé wa ṣe tóbi tó, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, iye èèyàn tó ń sùn síbẹ̀, iye wákàtí tí mo ń lò nínú bàálù lọ́dún. Wọ́n tún béèrè pé, bí a bá fi wé tàwọn aládùúgbò mi, ṣé ìdọ̀tí ilé mi pọ̀ jù ni àbí ó kéré? Mo dìde, mo na ọrùn wo orí fẹ́ǹsì. Garawa tiwọn kún, tiwa náà kún. Mo fi í sí ọgbọọgba. N ò rí ibi tí wọ́n ti béèrè jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ké ní ilé mẹ́ta tó yí mi ká bí mo ṣe ń tẹ fóònù.

Èsì jáde: bí gbogbo ọmọ aráyé bá ń gbé bí mo ṣe ń gbé, ilẹ̀ ayé kan yìí á tó wa, á tún ṣẹ́ díẹ̀ kù. Inú mi dùn bí ọmọ iléèwé tó gba ipò kìíní. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Kánádà. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni ojú mi bá àpò ìrẹsì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Ìgò rọ́bà òfìfo ló kún inú wọn, èyí tó kù lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ tí a ṣe lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Omi, mínírà, mọ́ọ̀tì.

Mo da àpò náà sílẹ̀, mo kà wọ́n. 183 ni, fún ìnáwó tí kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ọkọ mi jáde síta, ó bá mi níbi tí mo ti ń to ìgò ní mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìnlélógún, bí ẹni ń kó o sí kéréètì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ àti ìyá ẹ, ọ̀kan náà ni yín."

Kò parọ́. Ọmọ ẹni tó ta mínírà ni mí.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Ẹni tó bá mọ Òkè Ọya á mọ̀ pé ṣàṣà ni ìlú tí èèyàn á dé níbẹ̀ tí kò ní bá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tajà. Kàdúná ni tiwa, ní Kakuri, níbi tí ilé-iṣẹ́ aṣọ àti ilé ìpọntí wà nígbà náà. Ìsọ̀ ìyá mi wà lójú ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ń gbà lọ sílé lálẹ́. Mínírà ló ń tà. Bíà wà ní kọ̀rọ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n béèrè.

Nínú ọjà yẹn, ìgò kì í ṣe ti oníbàárà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lo rà. Bí o bá máa mu ún níbẹ̀, o dá ìgò sílẹ̀ kí o tó lọ. Bí o bá máa gbé e lọ, o mú òfìfo mìíràn wá dípò rẹ̀, tàbí kí o san owó ìgò, tí wàá gbà padà lọ́jọ́ tí o bá dá a padà. Ìgò kì í sì í ṣe ti ìyá mi náà. Bí mọ́tò ilé-iṣẹ́ bá máa já ogún kéréètì tó kún fún un, ogún kéréètì òfìfo ló gbọ́dọ̀ gbé lé e lórí. Bí òfìfo bá jẹ́ méjìdínlógún, méjìdínlógún ni wọ́n á já, àfi tó bá san owó kéréètì méjì tó kù pẹ̀lú ìgò inú rẹ̀.

Torí náà, òfìfo ló kọ́kọ́ ń kà lálẹ́, kí ó tó ka owó. Ó ní ìwé kan, ìwé iléèwé lásán, tó fi ń kọ orúkọ àwọn tí ìgò wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá Ìbejì, Fáńtà méjì. Mallam onísùyà, Kóòkì mẹ́fà. Tẹ́là ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Kóòkì mẹ́rin, láti ìgbà Kérésì. Bí wọ́n bá wá gbé kéréètì lọ sí òde ìnáwó, á fún wa ní kútẹ́ẹ̀sì pupa pé ká kán an sí ìdí ìgò kọ̀ọ̀kan, kí tiwa má bàa dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Bí ìgò bá fọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, ọmọ náà ò ní délé bọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi ti sùn sílé Ìyá Ìbejì rí nítorí Sípíráìtì kan ṣoṣo.

Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná lórí ọ̀rọ̀ Ṣàríà. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀ níbí. A sá lọ sí bárékè. Nígbà tí a padà, wọ́n ti kó ìsọ̀ ìyá mi, èyí tí wọn ò kó, wọ́n ti fọ́ ọ. Kò sunkún nítorí mínírà. Ìgbà tó dé ẹ̀yìn ìsọ̀, níbi tí kéréètì òfìfo máa ń ga dé àjà, tó rí àfọ́kù tó bo ilẹ̀, ló tó jókòó. Owó mínírà, èèyàn lè yá a. Òfìfo ni okùn ọjà, òun ló so ó mọ́ mọ́tò ilé-iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó máa yá èèyàn ní ọgọ́rin kéréètì òfìfo. Bí ọjà mínírà ṣe parí nílé wa nìyẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ la padà sí.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí i tí ìgò rọ́bà fi gbòde. Nathaniel Wyeth, ará Amẹ́ríkà kan tó ń bá DuPont ṣiṣẹ́, ló gbàwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1973. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń mú èròjà rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́: inú wa dùn sí i. Ó fúyẹ́, kì í fọ́, kò sí ọmọ tó máa sá kúrò nílé nítorí rẹ̀. Ìyá mi nìkan ló gbé e dání, tó yí ìdí rẹ̀ sókè, tó ní, "Ta ló wá ni eléyìí?"

A rẹ́rìn-ín. A ní, "Màmá, ẹni tó bá rà á ló ni ín."

"Tó bá mu ún tán ńkọ́?"

"Á jù ú nù."

Ó ní, "Síbo?"

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ka ìbéèrè yẹn sí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí ayé ti sáré kọjá lára rẹ̀.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Láyé ìsọ̀ Kakuri, ilé-iṣẹ́ mínírà ń ru igbá rẹ̀: mọ́tò tó gbé ọjà wá náà ló ń gbé òfìfo lọ. Láyé ìgò rọ́bà, ó jẹun tán, ó nura, ó dìde, ó fi igbá sílẹ̀ fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí igbá wá kún gọ́tà, wọ́n ní ẹsẹ̀ oníbàárà ló wúwo.

Nàìjíríà kọ́ ni eléyìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1953, ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé wọn ò gbọdọ̀ ta bíà nínú ìgò tí wọn kì í dá padà. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ ohun mímu àtàwọn tó ń ṣe agolo àti ìgò kóra jọ, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Keep America Beautiful sílẹ̀, tó ń kọ́ aráàlú pé kí wọ́n má da ìdọ̀tí sílẹ̀. Òfin Vermont kú ní 1957. Ẹgbẹ́ náà wà di òní. Èmi náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa da ìdọ̀tí sílẹ̀ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: ẹjọ́ tí wọ́n ń bá ẹni tó ṣe ìgò rò di ẹjọ́ ẹni tó mu ún.

Wọ́n sì mọ̀. Ní 1969, Coca-Cola fúnra rẹ̀ gbé iṣẹ́ fún Midwest Research Institute pé kí wọ́n ṣírò ohun tí oríṣi ìgò àti agolo kọ̀ọ̀kan ń ná ayé, láti ìgbà tí wọ́n ti wa èròjà rẹ̀ nílẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá jù ú nù. Ìwádìí yẹn làwọn onímọ̀ kà sí ìbẹ̀rẹ̀ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lágbàáyé, wọn ò sì gbé odindi rẹ̀ jáde fún aráyé. Ní 1974, EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, gbé tirẹ̀ jáde, lórí oríṣi mẹ́sàn-án. Ìgò tí wọ́n ń dá padà, tí wọ́n ń rọ nǹkan sí nígbà mẹ́wàá, òun ló ṣe dáadáa jù. Ìyá mi kò gbọ́ orúkọ EPA rí.

Ìṣirò ẹsẹ̀ tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. William Rees àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Mathis Wackernagel, ní Yunifásítì British Columbia, ló gbé e kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ilẹ̀ àti omi tí ìlú kan nílò ṣe pọ̀ tó, kí ó lè máa jẹ, kí ó máa mu, kí ó sì rí ibi da ìdọ̀tí rẹ̀ sí. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, mi ò rí ẹ̀bi lọ́rùn wọn. Ní 2004, ilé-iṣẹ́ epo BP gba ẹ̀yìn yọ, ó gbé ẹ̀rọ ìṣirò sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mọ iye carbon, eéfín CO2 tó ń mú ayé gbóná, tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ń fà, ó sì náwó ìpolówó sí i débi tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ ẹnu gbogbo ayé. Ẹni tó ń ta epo ló ní kí gbogbo wa tẹríba, ká máa wo ẹsẹ̀ wa.

Bí a bá sì wo ẹsẹ̀ náà, kí la rí? Eéfín CO2 tí ọmọ Nàìjíríà kan ń tú sínú afẹ́fẹ́ lọ́dún láti ara epo, gáàsì àti èédú kò tó tọ́ọ̀nù kan. Ti ará Amẹ́ríkà kan ju mẹ́wàá lọ. Bí ayé bá sì ṣe ń gbóná sí i ni òjò ń le sí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, mo fẹ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Odò Ọya àti Bẹ́núè ti ya bo Lọ́kọ́ja, títì ti di odò, tírélà epo ò lè kọjá, epo wá wọ́n ní Abuja débi pé èèyàn ń sun orí ìlà. Ó ju 600 èèyàn lọ tó kú jákèjádò orílẹ̀-èdè lọ́dún yẹn nítorí omíyalé, ó sì ju mílíọ̀nù kan lọ tó sá kúrò nílé. Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Mo wo Lọ́kọ́ja lórí tẹlifíṣọ̀n, mo ń wá ẹni tó da omi láàárín àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn, n ò rí i.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, torí náà kíka ìwé ìròyìn ọdọọdún kì í sú mi. Bí ilé-iṣẹ́ ohun mímu bá gbé ti àyíká jáde, ibi tí wọ́n fa ìlà sí ni mo kọ́kọ́ ń wá: kí ni wọ́n kà mọ́ tiwọn, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn odi? Ẹ jẹ́ ká mú omi. Coca-Cola á ní, nínú fàkítọ̀rì, òun ò lo tó lítà omi méjì fún lítà mínírà kan mọ́. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣúgà ńkọ́? Arjen Hoekstra, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Netherlands tó gbé ìṣirò ipasẹ̀ omi kalẹ̀ ní 2002, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ìgò mínírà ìdajì lítà kan ní 2011. Omi tó wọ inú rẹ̀ láti oko títí dé ìdérí wà láàárín lítà 170 sí 310, bí ibi tí ṣúgà ti wá bá ṣe rí, oko ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Ní 2009, SABMiller, ilé-iṣẹ́ ìpọntí ńlá kan, àti WWF, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, ṣe ti bíà: lítà 155 fún lítà bíà kan ní Gúúsù Áfíríkà, 45 ní ilẹ̀ Czech. Ilé-iṣẹ́ kan náà. Oko àti omi tí wọ́n ń fà sí oko ló yàtọ̀.

Ká ní ìgò tó wà nínú ìsọ̀ nìkan ni ìyá mi ń kà, tí kò ka èyí tó wà lọ́wọ́ tẹ́là àti mallam onísùyà, ìwé rẹ̀ ì bá máa dára lójoojúmọ́, ọjà ì bá sì ti wó láàárín oṣù méjì. Àwọn oníṣirò àgbáyé mọ èyí. Láti 2001 ni GHG Protocol, ìlànà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń ṣírò eéfín wọn, ti pín eéfín ilé-iṣẹ́ sí mẹ́ta: èyí tó jáde nínú fàkítọ̀rì, èyí tó bá iná tí wọ́n rà wá, àti gbogbo èyí tó kù níta, oko, tírélà, ìgò, fíríìjì. Ẹ̀kẹta yìí ni ìwé ìyá mi. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ohun mímu, òun ló sì máa ń pọ̀ jù.

Fíríìjì, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ìsọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, fíríìjì ibẹ̀ gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ mínírà sójú, ilé-iṣẹ́ ló fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń gbé e, láti àárọ̀ títí èèyàn á fi sùn. Eéfín yẹn, ti ta ni? Ti ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó ra epo ni? Ti ẹni tó gbé fíríìjì fún un ni? Àbí tèmi, tí mo dé ibẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán oṣù Kẹta, tí mo ní, "Ẹ fún mi ní èyí tó tutù dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ mà"?

Ohun kan wà tí mo máa fi yin àwọn ilé ìpọntí, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí kì í ṣe nítorí àyíká ni wọ́n ṣe é. Ní 1988, náírà ti já, ìjọba ológun fòfin de kíkó málítì báálì, ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà, wọlé láti òkè òkun. Ni àwọn apọntí bá yíjú sí ọkà bàbà. Ní Samaru, ní Zaria, Institute for Agricultural Research, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ní irú ọkà bàbà kan lọ́wọ́, SK5912, tó wá di ààyò wọn. Bàbá mi sọ títí tó fi kú pé bíà ọdún yẹn ò dùn. Ṣùgbọ́n ọkà tí òjò Òkè Ọya ń bomi rin rọ́pò ọkà tó ń gun ọkọ̀ ojú omi sọdá òkun, owó sì wọ àpò àgbẹ̀ Kánò àti Kàtsínà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jẹ́ fi bíà kan ẹnu láé. Nígbà tí wọ́n ká òfin náà kúrò lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, wọn ò pa ọkà bàbà tì. Ó ti mọ́ wọn lára. Kò sí ìpolówó kankan níbẹ̀, kò sí àwòrán ewé tútù lára ìgò. Òfin ló dé, wọ́n sì rí i pé ó ṣeé ṣe.

Mo fi èyí wé àwọn ìlérí. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, Coca-Cola sọ pé tó bá fi máa di 2030, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ohun mímu rẹ̀ lágbàáyé á máa wà nínú ìgò ìdápadà tàbí ohun èlò tí wọ́n ń rọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo pe ìyá mi lọ́jọ́ tí mo kà á. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná?" Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà gbé àfojúsùn tuntun jáde, wọ́n sún gbèdéke síwájú sí 2035, ìlérí ìgò ìdápadà yẹn ò sì sí nínú rẹ̀ mọ́. Mi ò tíì sọ fún un.

Níbí, àwọn ilé-iṣẹ́ ohun mímu ní ẹgbẹ́ kan, Food and Beverage Recycling Alliance, tó ń bá wọn ṣètò kíkó ike jọ, NESREA, àjọ ìjọba tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, sì ní ìlànà pé ẹni tó ṣe nǹkan ló gbọ́dọ̀ bójú tó o lẹ́yìn ìlò. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba jáwọ́ nínú ike ìlò-ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìgbà náà, mo lọ sí ìpàdé kan láàárín ìlú, lórí ọ̀rọ̀ àyíká. Ìgò omi rọ́bà méjì-méjì ló wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Mo mu méjèèjì. Òùngbẹ ń gbẹ mí.

Èmi náà ò mọ́. Nígbà ìsọmọlórúkọ yẹn, mo kọ́kọ́ lọ sí dípò, ibi tí wọ́n ń kó mínírà pamọ́ sí fún títà, láti lọ béèrè mínírà onígò. Ó ṣì wà, bíà onígò náà sì wà dáadáa. Ọkùnrin ibẹ̀ ní, "Mummy, òfìfo yín dà?" Mi ò ní òfìfo. Ó ní kí n ra kéréètì àti ìgò inú rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó ṣírò rẹ̀, owó òfìfo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó mínírà lọ. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí ìyá mi tó jókòó sórí àfọ́kù ìgò. Ẹni tí kò ní òfìfo kò lè wọlé. Mo kọjá sí òdìkejì títì, mo ra tonírọ́bà, wọ́n fi ike wé e ní méjìlá-méjìlá, ó tán. Ká ní owó ìgò wà lórí ti rọ́bà náà ńkọ́? Láti 2003, Jámánì ń gba sẹ́ǹtì 25 lórí ìgò bẹ́ẹ̀, wọ́n á dá a padà fún ẹ tí o bá mú ìgò wá, nínú ọgọ́rùn-ún ìgò, ó sì ju 95 lọ tó ń padà. Ìwé ìyá mi ni wọ́n ń lò, ẹ̀rọ ló kàn ń kọ ọ́ fún wọn.

Mi ò sọ pé ìgò onígíláàsì kò ní àbùkù. Ó wúwo, omi gbígbóná àti ọṣẹ líle ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, tírélà gbọ́dọ̀ gbé e lọ, kí ó tún gbé e bọ̀. Láti Kàdúná dé Abuja, ó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Láti Èkó dé Maiduguri, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Ẹni tó wá bá wa ru igbá ní Abuja kò sí nínú ìwé ìròyìn kankan. Baban bólà ni à ń pè é ní àdúgbò wa, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò tó ọmọ ogún ọdún, tó ń ti ọmọlanke, tó ń ké "Kóńdẹ́ìmù!" láti agogo mẹ́fà. Irin ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí tẹ́lẹ̀, báyìí ike náà wà níbẹ̀. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó wo ìgò mi tí mo tò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti bá òun ṣiṣẹ́ ìdajì. Ó ṣà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tí kò láwọ̀, èyí tó láwọ̀ ewé, èyí tó ti rún. Mo bi í ìdí. Ó ní èyí tó rún àti aláwọ̀ ewé máa lọ sórí òṣùwọ̀n, ní kílò, wọ́n á lọ̀ ọ́, tírélà á gbé e lọ sí gúúsù. Èyí tó mọ́, tí kò rún, tí ìdérí rẹ̀ pé, kì í dé orí òṣùwọ̀n. Àwọn obìnrin tó ń ta sóbò àti kúnú ló ń rà á, ẹyọ-ẹyọ, owó wọn sì dára ju ti kílò lọ.

Ẹnu yà mí, mi ò sì mọ ìdí tó fi yà mí. Ọdún mélòó ni mo ti ń mu sóbò ní Abuja? Ìgò omi, ìgò mínírà, ìgò ohun mímu eléròjà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, bébà ara ìgò nìkan ni wọ́n ń bó. (Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, ẹ má bi mí. Mo ti pinnu pé mi ò ní ronú nípa ìyẹn.) Ìgò ìdápadà tí wọ́n kọ ìlérí rẹ̀ sórí ìwé tí wọ́n tún yọ ọ́ kúrò, àwọn ìyálọ́jà kúnú ti ń ṣe é láìsí ìwé. Ìṣápá pupa láti oko Òkè Ọya, ata ilẹ̀, ìgò tí ẹlòmíràn jù nù. Kò sí ẹni tó wá ya àwòrán wọn sí ojú ìwé kìíní ìròyìn àyíká.

Mo ní kí ó dúró. Mo wọlé, mo mú kútẹ́ẹ̀sì mi jáde, pupa bíi ti àtijọ́. Mo yan ogún nínú àwọn tó mọ́, mo kán án sí ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó gbẹ. Baban bólà wò mí bí ẹni ń wo wèrè tó ṣì mọ ara í wẹ̀. Ó san owó mi, ó to ìgò sínú àpò, ó ti ọmọlanke rẹ̀ lọ.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Mo ra sóbò ní ọjà Kubwa, mo rà á ní Utako, mo rà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Dutse Alhaji. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọ̀kan ní Wuse, mo yí ìdí rẹ̀ sókè kí n tó sanwó, mo tún gbé òmíràn, mo yí òun náà. Ìyá tó ń tà á bi mí ní Hausa pé kí ni mò ń wá nídìí ìgò òun. Mo ní mò ń wò ó bóyá tèmi ni. Ó wò mí, ó gba ìgò lọ́wọ́ mi, òun náà yí i sókè, ó wò ó.